Agolo Kékeré àti Kábúrétọ̀ Bàbá

                                                  Inú gáréèjì,
                                                  Ilé Bàbá wa,
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara gbogbo wọn le? Àkọ́bí yín tó ń ṣe ìdánwò, ṣé ó ti gbé ìwé sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá, ṣé ó ti fi yín sílẹ̀? Mo bèèrè o, nítorí pé bí inú ṣe ń bí mi sí yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, n kò fẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn yín. Àwa náà wà. Bàbá ń jẹun. Èmi náà ò ṣàìsàn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni mo ṣì wà, gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti kọṣẹ́ ládùúgbò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Ìyàwó wa tó wá kí wa ni mo fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú agolo kékeré kan tí mo fi téèpù dì lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣí agolo náà. Ẹ ka lẹ́tà yìí tán ná. Mo mọ̀ yín, ẹ ti nawọ́ sí i. Ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pè yín lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá pè yín, kí n tó sọ gbólóhùn kejì, ẹ ó ti máa ka òfin fún mi. Iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ̀yin lọ̀gá ààbò ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹnu yín kì í sì í mọ ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ yín àti àbúrò yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Olórí-Kunkun nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu olórí kunkun lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé. Ọjọ́ tí ẹ wá, ẹ wọ gáréèjì, ẹ gbóòórùn epo bẹntiróòlù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀ Bàbá, Ìyáàfin wa aláwọ̀ ewé tí àwa méjèèjì sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé Bàbá a máa kí i láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀. Ẹ rí i tí epo ń kán tó, tó, tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín tó ṣì gbóná. Mi ò ní bá yín jiyàn, ewu gidi ni. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má tan án mọ́. Ohun tí ẹ sọ tẹ̀lé e ló dùn mí. Ẹ mọ̀ pé Bàbá ló tú kábúrétọ̀ Ìyáàfin, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, níjọ́ mélòó kan ṣáájú, tí wọ́n tún un tò fúnra wọn. Ẹ dúró níwájú wọn, ẹ ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, kó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pa ará ilé. Ẹ ti àpótí irinṣẹ́ wọn pa. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí àti kọ́kọ́rọ́ Ìyáàfin sápò. Ẹ ní lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ọkùnrin tó ń kó ọkọ̀ tó ti kú yóò wá wọ́ ọ lọ. Bàbá ní, "Ó dára." Ẹ wọ ọkọ̀ yín, ẹ lọ.

Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Bàbá ò dé gáréèjì mọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń gbé àga sí ìloro, tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á kẹ̀yìn sí gáréèjì. Ọwọ́ méjèèjì á wà lórí itan, bí ọwọ́ ẹni tó ń dúró de dókítà. Ẹni tó fi ogójì ọdún to lẹ́tà òjé kéékèèké ní ilé ìtẹ̀wé, tí n kò rí ọjọ́ kan tí ọwọ́ wọn ṣófo! Mo ní ṣé kí n wá nǹkan fún wọn ṣe. Wọ́n ní rárá, ọmọ àwọn ti ní kí àwọn sinmi. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n fi ń wo nǹkan kéékèèké fún mi, pé kí n máa fi wo iṣẹ́ tèmi, àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo wọ yàrá lọ sunkún. Nígbà tí mo nujú tán, mo sọ fún ara mi pé Ìyáàfin ò ní lọ síbì kankan, ì báà jẹ́ èmi nìkan ni mo máa tú u.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ogún ọdún ni mo ti ń wá ibi tí òróró ti ń jò lára ẹ̀rọ ìránṣọ, tí àwọn oníbàárà mi á máa yarí kanlẹ̀ pé ibi tí òróró ti kán sí aṣọ àwọn yẹn gan-an ló ti ń jò. Irọ́ ni. Òkè ló máa ń ti jò, á rọra gba ẹ̀yìn irin sọ̀kalẹ̀, ìsàlẹ̀ la ó ti rí i. Ẹni bá ń tún ìsàlẹ̀ ṣe ń fi àkókò ṣòfò.

Mo kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì ẹ̀yìn ọgbà wa, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-Parí, torí pé iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì tá á ti ju sípánà sílẹ̀, á ní, "Ó parí!" Ó wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní rọ́bà tó ń gbé epo wá ló là. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó fi ọwọ́ fa pọ́ọ̀ǹpù epo láti dán an wò. Ó parí! Epo ń kán. Ó ní kí n má mikàn, gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn bébà líle tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin méjì kí epo má baà gba ibẹ̀ jáde. Ó fún gbogbo ìdè, ìyẹn nọ́ọ̀tì, tó wà lórí kábúrétọ̀ náà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó parí! Epo tún ń kán. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sinmi ẹnu, kó máa bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Mo nu kábúrétọ̀ náà láti òkè délẹ̀ títí ó fi gbẹ táútáú. Mo wá lọ ṣọ́ọ̀kì tí àwa aránṣọ fi ń sàmì sí aṣọ kúnná, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á sí gbogbo ara rẹ̀, ó funfun báláú. Ó-Parí rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé mo fẹ́ mú Ìyáàfin lọ ya fọ́tò ni. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi tan ọkọ̀, ó ti wà lápò yín, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀ǹpù epo irú ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ní ọ̀pá kékeré kan lábẹ́, èèyàn lè máa fi ọwọ́ fà á kí epo máa wá láìtan ẹ́ńjìnnì rárá. Mo ń fà á, mo ń wo ṣọ́ọ̀kì. Rọ́bà gbẹ. Ojú gásíkẹ́ẹ̀tì gbẹ. Mo fà á títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Àfi bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe yọ lókè pátápátá, lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó dé ojú gásíkẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kò síbi tó là. Epo ló ń kún inú kábúrétọ̀ lákùúnwọ́sílẹ̀, bí korobá tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Mo pariwo, "Mo ti rí i!" Mo gbójú sókè, mo rí i pé Bàbá ti yí àga wọn padà, wọ́n kọjú sí gáréèjì. Wọ́n ní, "Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" Mo ní òkè ni. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò sì tún àga náà yí mọ́ o.

Láti orí àga yẹn ni wọ́n ti ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe rí fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà gbọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Agbada kékeré kan wà nínú kábúrétọ̀ tí epo ń ṣàn sí. Fúlóòtù ń léfòó lórí epo náà, idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, inú rẹ̀ ṣófo. Bí epo bá ń ga, òun náà á máa ga, ahọ́n kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ti abẹ́rẹ́ kan sókè, abẹ́rẹ́ á dí ihò tí epo ń gbà wọlé. Bí abẹ́rẹ́ kò bá dí ihò dáadáa, tàbí tí fúlóòtù kò léfòó bó ṣe yẹ, epo ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Lọ́jọ́ kejì, mo tú u. Irinṣẹ́ tí mo fi ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni mo lò, ìwọ̀nyẹn kò sí nínú àpótí tí ẹ tì pa. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo to ìdè kọ̀ọ̀kan sínú páálí ẹyin, mo kọ nọ́ńbà sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń pàṣẹ láti ìloro: ka iye ìgbà tí ìdè ẹ̀gbẹ́ yẹn yí kó tó jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan àtààbọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá gbé gíláàsì tí wọ́n fún mi, mo fi yẹ gbogbo iṣẹ́ tí Bàbá ti ṣe wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí dáadáa. Gbogbo ihò mọ́ tónítóní. Abẹ́rẹ́ tuntun ni, ẹnu rẹ̀ ń dán, kò sí ibi kankan tó ti jẹ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló ṣe é, mi ò sì rí àléébù kan níbẹ̀.

Ó wá ku fúlóòtù. Mo mì í létí, bí epo bá ti wọ inú rẹ̀ màá gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tì í sínú omi gbígbóná, bó bá ní ihò, afẹ́fẹ́ á máa hó jáde. Kò hó. Mo ní òun náà kò lẹ́bi, mo dá a padà. Mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bí mo ṣe ń gé ọrùn aṣọ ni mo gé e, kò yẹ̀ síbì kan. Mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pa ṣọ́ọ̀kì, mo fa pọ́ọ̀ǹpù. Ó-Parí ní, "Ó parí!" Kò tíì pa ẹnu dé tí ìlà dúdú fi yọ. Háà! Mo fẹ́ ju irinṣẹ́ sígbó. Bàbá ní kí n lọ mu omi, kí n padà wá tú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mu omi. Mo padà wá tú u.

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo rántí páálí ohun èlò tuntun tí Bàbá rà nígbà tí wọ́n ń tún kábúrétọ̀ náà ṣe. Gbogbo ohun inú rẹ̀ ti tán, àfi fúlóòtù tuntun, tó ṣì wà nínú bébà rẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tó pààrọ̀ gbogbo nǹkan fi fi èyí nìkan sílẹ̀? Mo gbé rúlà kan dábùú orí kẹ̀kẹ́ òwú, mo gbé fúlóòtù tuntun sí apá kan, mo gbé ti àtijọ́ sí apá kejì. Ti àtijọ́ tẹ rúlà lọ sílẹ̀ gbì. Mo yí i padà, mo rí i lábẹ́ rẹ̀: òjé tí wọ́n jó mọ́ ọn, ó tóbi tó ẹ̀pà. Ẹrù yẹn ni kò jẹ́ kó léfòó bó ṣe yẹ. Mo gbé e lọ bá Bàbá ní ìloro. Mo ní, ta ló jó òjé mọ́ èyí?

Wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á lára títí. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Wọ́n ní ọdún tí ẹ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Bàbá tú kábúrétọ̀ sórí tábìlì, wọ́n lọ sùn lọ́sàn-án. Ẹ wọlé lọ wò ó, fúlóòtù já bọ́, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ìkángun òpópónà, ẹ yá irin tó fi ń jó òjé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra yín, ẹ dá a padà sórí tábìlì, ẹ lọ jókòó ti ìwé yín bí ẹni mímọ́. Ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bàbá ní bí àwọn ṣe gbé e ló ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọwọ́ ọ̀tún yín ò fi kúrò nínú àpò ṣòkòtò, torí ìka tó jóná.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò bá yín wí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ba nǹkan jẹ́, tó sì tún un ṣe kí wọ́n tó bi í, kí ni mo fẹ́ bá a wí sí?" Òjé náà pọ̀ jù lóòótọ́, wọ́n bá rọra tẹ ahọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ṣeé lò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú kábúrétọ̀, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n ahọ́n yẹn, torí ìwọ̀n inú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kò bá fúlóòtù yín mu mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú tàn wọ́n jẹ. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́, wọn ò fi bò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rí tuntun gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ nínú páálí. Wọ́n ní ó wu àwọn láti máa gbé iṣẹ́ ọmọ àwọn kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mo máa sọ ọ́. Nígbà tí ọwọ́ yín ṣe àṣìṣe, wọn ò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Àpótí tí ẹ tì pa yẹn, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òjé yìí ni wọ́n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kejì. Mo rántí ọjọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo jowú yín débi pé mi ò jẹun.

Mo gbé fúlóòtù tuntun sórí tábìlì, mo fa àga sí i, mo ní kí Bàbá wá. Wọ́n ní kí n ṣe é, ojú àwọn ò gbé e mọ́. Mo ní mi ò ṣe. Mo jókòó, mo káwọ́ gbera, bí ẹ ṣe mọ̀ mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n kọ́kọ́ wọ yàrá wọn, wọ́n mú irin pẹlẹbẹ méjì bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìlà sọ́tọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní bí méjèèjì bá lẹ̀ pọ̀, ìwọ̀n tí ìwé ní kó jẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n gbé ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì kó má baà gbọ̀n jù, wọ́n dijú, wọ́n ń fi ìka wá ibi tí irin àti fúlóòtù ti fẹ́ fara kanra. Wọ́n tẹ ahọ́n, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un tẹ̀. Láti aago mẹ́wàá dé ọ̀sán gangan. Ó-Parí wà níbẹ̀, kò sọ pé ó parí. Bàbá ló sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo pa ṣọ́ọ̀kì tuntun, mo fa pọ́ọ̀ǹpù títí apá mi fi kú. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó funfun. Àràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń fà á, ó funfun. Ìyàwó wa náà ti fọwọ́ kàn án, ẹ bi í. Mo ti gbé ohun ìpaná kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ti kó gbogbo àkísà ọlọ́rá kúrò, kí ọ̀gá ààbò má baà rí nǹkan sọ.

Ohun kan ló kù: a ò tíì tan án. Ó-Parí ní òun lè so wáyà pọ̀ kó dìde láìsí kọ́kọ́rọ́. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló mú un lọ, ọmọ àwọn ni yóò mú un padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn kó má wá. Bó bá sì wá lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ ò sí níbẹ̀, inú Ìyáàfin ni yóò bá mi, màá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Kó wọ́ àwa méjèèjì lọ. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ rán ẹnikẹ́ni o. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wá fúnra yín.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún èyí tó ń ṣe ìdánwò pé àǹtí rẹ̀ ní kó máa sùn. Ó-Parí ní kí n kí yín, ó tún ń bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ yín ń wá mẹkáníìkì. Mo ní ṣé kó lè sọ fún wọn pé ó parí.

Ó yá, ẹ lè ṣí agolo náà báyìí. Bàbá ló fi àkísà nu fúlóòtù yín títí ó fi dán bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n rán yín létí pé mo tì í sínú omi gbígbóná, pé kò hó. Wọ́n ní, "Òjé rẹ pọ̀ jù, ọmọ mi, àmọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò jò rí."

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo ẹnu ọ̀nà,
Olórí-Kunkun.